Bí A Ṣe Ń Dín Sítáàṣì Kù Láìkúrò Nídìí Ọbẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin). Dókítà á ní kí ẹnì kan dín oúnjẹ onísítáàṣì kù, bóyá nítorí àtọ̀gbẹ, bóyá nítorí ìsanra. Ẹni náà á gbọ́ràn. Á fi ẹ̀bà sílẹ̀, á fi iyán sílẹ̀. Láàárọ̀, á mu kókó, ìyẹn ògì gbígbóná, torí kókó fúyẹ́. Lọ́sàn-án, á jẹ àkàsà, ìyẹn ẹ̀kọ, torí àkàsà tutù lára. Lálẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n ni, torí wọ́n ní oúnjẹ alátọ̀gbẹ ni. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́ láàárín méjì, bísápù ni. Nígbà tó bá padà sọ́dọ̀ dókítà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Á wá gbà pé oúnjẹ òyìnbó ni dókítà ń sọ, pé kò sí ohun tí ọmọ Yorùbá lè jẹ nínú ètò yẹn.

Ó wà, ó sì pọ̀. Ẹ̀fọ́, ẹja, ẹ̀gúsí, wàrà, ìgbín, ẹyin, irú, ẹ̀pà: gbogbo èyí ló wà nílé ìdáná wa, sítáàṣì wọn sì kéré. Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé òkèlè ló ń ga nínú àwo wa bí òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ṣíbí ọbẹ̀ méjì péré ló ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìtọ́sọ́nà yìí fẹ́ bá yín ṣe ni láti yí àwo náà padà: kí ọbẹ̀ di oúnjẹ, kí òkèlè di ohun tí a fi tọ́ ọ wò.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibí yìí. Bí ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí tí ẹ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi glibenclamide, gliclazide tàbí glimepiride, tí ẹ wá ṣàdédé dín sítáàṣì kù tí oògùn ò dín kù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín lè já wálẹ̀ débi ewu. Dókítà ló ń dín oògùn kù. Ẹ má fọwọ́ ara yín dín in. Kí àwọn tó ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin náà béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí ásíìdì lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí ṣúgà ò tiẹ̀ ga. Aboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, ọmọdé, ẹni tó ti rù tẹ́lẹ̀: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsí dókítà lẹ́yìn yín.

Bí ṣúgà bá já, àmì rẹ̀ ni òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ebi òjijì, ojú tó ń ṣú, ọ̀rọ̀ tó ń dàrú lẹ́nu. Lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà, ohun tó bá ti kéré sí 0.70 g/L ni. Kóró ṣúgà mẹ́ta, ìyẹn bíi gíráàmù 15, ni kí ẹ fi omi jẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ tún wọn ṣúgà náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá gòkè, ẹ tún jẹ mẹ́ta. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ.

Ohun tí ẹ nílò

- Òṣùwọ̀n kékeré ti ilé ìdáná. Bí kò bá sí, ìkúùkù ọwọ́ yín àti ṣíbí ìjẹun ńlá á ṣiṣẹ́ dé ààyè kan.
- Ìwé àti bírò.
- Okùn tí télọ̀ fi ń wọn ìbàdí.
- Fún alátọ̀gbẹ: ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti páálí pẹlẹbẹ kékeré tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, láti fámásì.
- Àwo tiyín, ẹyọ kan, tí ẹ ó máa bu oúnjẹ sí. Nílé tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹ nínú abọ́ kan, kò sẹ́ni tó lè mọ iye tí òun jẹ. Èyí ń ba ètò jẹ́ ju bí a ṣe rò lọ.
- Àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ń dáná. Bí ìyàwó, ìyá tàbí àbúrò ló ń sè é, ẹ jókòó bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣẹ́ òkèlè kù á rò pé oúnjẹ òun ni ẹ kọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tó ń di ṣúgà

Sítáàṣì, bó ti wù kó korò tó lẹ́nu, ṣúgà ló ń dà tó bá dé inú ìfun. Nítorí náà, ẹ má fi adùn ẹnu díwọ̀n. Nínú gíráàmù 100, iye sítáàṣì àti ṣúgà tó wà nínú wọn nìyí: gàrí gbígbẹ, bíi 80, búrẹ́dì, bíi 50, ẹ̀gẹ́ sísè, bíi 38, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sísè, bíi 30, ìrẹsì sísè, bíi 28, iṣu sísè, bíi 27. Ẹ̀wà sísè wà láàárín: bíi 20, ṣùgbọ́n ó tó 6 nínú rẹ̀ tó jẹ́ fáíbà, èyí tí kì í di ṣúgà.

Ní òdìkejì: ilá, bíi 7, fáíbà sì ni ìdajì rẹ̀, píà, bíi 9, fáíbà ni 7 nínú rẹ̀. Ẹyin kan ò tó 1. Ẹja àti ẹran tí a kò fi ìyẹ̀fun bò ò ní rárá.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù lọ rèé. *Àkàsà*: àgbàdo ni. Lóòótọ́, omi inú rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹyọ kan kò wúwo bí ẹ̀bà tó tóbi bákan náà. Ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ àkàsà kan dúró? *Àmàlà èlùbọ́*: iṣu tó gbẹ ni, dúdú tó dú kò yọ sítáàṣì kúrò lára rẹ̀. *Láfún*: ẹ̀gẹ́ ni. *Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n*: kò dùn, ó sì lè máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ju èyí tó pọ́n lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gún un ní ìyẹ̀fun tí ẹ rò ó ní òkèlè ńlá, òkèlè sítáàṣì lẹ jẹ. *Oyin*: ó lé ní 80 nínú 100. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí alátọ̀gbẹ tó ń fi oyin sí tíì nítorí pé ẹnì kan ní oògùn ni.

Fún ohun inú agolo àti páálí, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́ níbí. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ *Glucides* sí, lábẹ́ *pour 100 g*. Ìlà *dont sucres* tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ apá kan nínú iye òkè. Ẹ má rò wọ́n pọ̀, ẹ má sì wo ti ìsàlẹ̀ nìkan kí ẹ ní ó kéré.

*Àyẹ̀wò:* ẹ dúró síwájú àpótí oúnjẹ yín láìwo ìwé, kí ẹ máa pe ohun kọ̀ọ̀kan: èyí ń di ṣúgà, èyí kì í dà á. Bí ẹ bá ṣì gbọ́ ara yín tó ń sọ pé “èyí ò léwu, ó fúyẹ́”, ẹ tún ìgbésẹ̀ yìí kà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan iye tí ẹ ó máa jẹ lójúmọ́

Ohun tó bá wà lábẹ́ gíráàmù 130 lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń pè ní oúnjẹ tí sítáàṣì rẹ̀ kéré. Èyí tó le jù, tí wọ́n ń pè ní kẹ́tò, máa ń wà láàárín 20 sí 50. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ti kẹ́tò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ òkèlè ńlá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tó tún ń mu kókó láàárọ̀, á rí ìyàtọ̀ bó bá dé 130 tó sì dúró níbẹ̀.

Bí gíráàmù 40 ṣe rí lójú ni kí ẹ mọ̀, torí òun ni ẹ ó máa fi díwọ̀n oúnjẹ kan. Iṣu sísè: gíráàmù 150. Ìrẹsì sísè: bíi 140. Búrẹ́dì: 80. Gàrí gbígbẹ: 50 péré. Ẹ fi gàrí 50 sórí òṣùwọ̀n kí ẹ wò ó. Kékeré tí yóò rí lójú yín yóò yà yín lẹ́nu, ẹ ó sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀bà tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹ pín in báyìí: bíi 20 láàárọ̀, 40 lọ́sàn-án, 30 lálẹ́. Èyí tó kù jẹ́ ti tòmátì, àlùbọ́sà, ẹ̀pà àti èso. Bí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n, oúnjẹ onísítáàṣì kan ṣoṣo lórí àwo, kó má tóbi ju ìkúùkù yín lọ. Kan ṣoṣo ni mo wí o: ìrẹsì àti àlókò (dòdò) lórí àwo kan, méjì nìyẹn. Ẹ̀wà àti gàrí, méjì náà ni. Ẹ jẹ ẹ̀wà, kí ẹ fi gàrí sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ro gbogbo ohun tí ẹ kọ sínú ìwé pọ̀. Bí iye yín bá ń bọ̀ sábẹ́ 130 fún ọjọ́ mẹ́ta léra, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ohun mímu ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Mo fi èyí ṣáájú oúnjẹ nítorí pé ohun mímu ló rọrùn jù láti fi sílẹ̀, kò sì yóni. Ìgò Coca-Cola 33 cl ní gíráàmù ṣúgà 35: kóró méje, kí ẹnu tó kan oúnjẹ. Ohun mímu oní-máltì tí wọ́n ń fún aboyún àti aláìsàn kò kéré sí i. Ó sábà máa ń jù ú lọ. Ìgò bíà ńlá lè ní bíi 20. Ṣùkùtù àti ṣàkpàlò, ọkà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, sítáàṣì àti ṣúgà sì ṣẹ́ kù nínú wọn. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ dùn nítorí pé ṣúgà rẹ̀ ò tíì kan.

Sódàbì ńkọ́? Òótọ́ ni pé kò ní sítáàṣì. Ṣùgbọ́n ọtí líle kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó wá mu ún lórí ikùn òfìfo lè ṣubú lulẹ̀ lójijì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “kò ní ṣúgà” tàn yín.

Bísápù kò ṣẹ̀ wá. Ṣúgà tí wọ́n ń dà sí i ló ṣẹ̀ wá. Ẹ sè é fúnra yín: ẹ̀kúnwọ́ òdòdó ìṣápá gbígbẹ kan sí omi lítà kan, ata ilẹ̀ tí a gún, ewé tíì olóòórùn tí wọ́n ń pè ní *citronnelle*. Kó hó fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sẹ́ ẹ. Bó bá kan jù, ẹ bu omi là á. Ẹ má wá ohun dídùn mìíràn fi sí i. Láìpẹ́ ahọ́n á gba kíkan rẹ̀. Omi àgbọn kan ò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣúgà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò pọ̀.

Ìṣọ́ra ńlá wà lórí mílíìkì agolo. *Lait concentré sucré* àti *lait concentré non sucré* jọra lórí igbá. Ti àkọ́kọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ ni ṣúgà. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan nínú kafé, gíráàmù 11 nìyẹn. *Non sucré* ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì ka agolo fúnra yín. Dégué (jéró inú yáọ́ọ̀tì) àti yáọ́ọ̀tì inú ọ̀rá, ẹ kà wọ́n mọ́ ohun dídùn, àfi tí ẹ bá rí èyí tí wọn ò fi ṣúgà sí.

*Àyẹ̀wò:* fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kọ gbogbo ohun tó gba ọ̀nà ọ̀fun yín kọjá láìjẹ́ oúnjẹ. Bí ṣúgà inú wọn ò bá ju gíráàmù 10 lọ lóòjọ́, ìgbésẹ̀ yìí ti yọrí. Ẹ wo ìtọ̀ yín náà: bó bá ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi tí ẹ ń mu ò tó.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ nájà bí ẹni tí ọbẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún

Owó ni ìdènà tòótọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Òkèlè ló pọ̀ lówó pọ́ọ́kú; ẹja àti ẹran ló wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ètò yìí fi ń wó lọ́wọ́ àwọn tó rò pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹran lójoojúmọ́. Ẹ mú owó kóòkì, búrẹ́dì àti bisikíìtì ọ̀sẹ̀ kan jọ, kí ẹ wá gbé e sórí ohun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí nǹkan olówó pọ́ọ́kú ṣe ìpìlẹ̀: wàrà sọ́yà, ẹyin, ẹja kékeré gbígbẹ, ẹ̀pà, àti ewébẹ̀ tó pọ̀ dáadáa.

Ní ọjà Ouando, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ: gbọ̀mà, ewédú, tẹ̀tẹ̀, efinrin, ewúro, ilá. Lẹ́yìn náà, ẹja ọ̀sà, epìyà àti akàn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ Adjarra, fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ gbà á, kò ní sítáàṣì. Àkàsà tí a bá fi jẹ ẹ́ ló ní in. Bí ẹ bá ra ẹja díndín, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá wọ́n fi ìyẹ̀fun bò ó kí wọ́n tó dín in. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Yíyan ló dára jù.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní ohun tí ará Àjàṣẹ́ ń fi owó gidi rà: wàrà àwọn Fúlàní, wàgásì. Sítáàṣì rẹ̀ kéré gan-an, ó ń yóni, ó sì ń dúró nínú ọbẹ̀ bí ẹran. Ẹ máa fi omi iyọ̀ bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ kó má baà bàjẹ́. Àwọ̀ pupa ara rẹ̀ kò ní ewu, ara ọkà bàbà ni wọ́n ti ń mú un. Ṣùgbọ́n ní Ṣábẹ̀ẹ́ kan náà ni kajú ti pọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀: kajú ní bíi 30 nínú gíráàmù 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ẹ̀pà. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan sàn jù ú lọ fún ìpanu. Ará Kétu, ẹ̀pà àti ẹ̀wà yín wà nítòsí. Ẹ lò ó.

Èso: píà nìkan ni mo lè ní kí ẹ jẹ láìṣírò. Máńgòrò tó tó gíráàmù 200 lẹ́yìn tí a bó o ní bíi 30. Ọ̀pẹ òyìnbó Allada tí wọ́n ń pè ní *pain de sucre* dùn, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Ègé kan tó, kì í ṣe odidi. Ọsàn, ẹ jẹ ẹ́ tọwọ́tẹnu, ẹ má fún un mu, torí ọsàn mẹ́rin ló ń wọ ife kan.

*Àyẹ̀wò:* bí ẹ bá délé, ẹ tú agbọ̀n sílẹ̀. Ewébẹ̀ àti ohun tó ń yóni (ẹja, ẹyin, wàrà) gbọ́dọ̀ gba ibi tó tóbi ju ti sítáàṣì lọ. Bí àpò gàrí bá ṣì ni ó wúwo jù níbẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ lẹ ṣì wà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ se ọbẹ̀ tó lè dá dúró

Ọbẹ̀ tí a sè fún òkèlè máa ń ki, ó máa ń ta, iyọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ̀, torí òkèlè á gbà á mọ́ra. Bí ẹ bá fi ṣíbí jẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán, yóò le lọ́fun, ẹ ó sì padà sídìí ẹ̀bà láàárín ọjọ́ méjì. Ìsebẹ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà: ewébẹ̀ pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ta, iyọ̀ àti ata dín kù, epo dín kù.

Ọbẹ̀ gbọ̀mà oní-ẹ̀gúsí fún ènìyàn mẹ́rin: gbọ̀mà ìdì ńlá mẹ́ta, ẹ̀gúsí lílọ̀ bíi gíráàmù 100, tòmátì mẹ́rin, àlùbọ́sà méjì, ata bí ẹ bá ṣe lè fara dà á, irú ṣíbí kan, edé gbígbẹ díẹ̀, ẹja yíyan méjì tàbí mẹ́ta, wàgásì tí a gé sí wẹ́wẹ́, epo pupa ṣíbí ìjẹun ńlá mẹ́ta.

1. Ẹ já gbọ̀mà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa. Bí omi bá ṣẹ́ kù, ọbẹ̀ á ṣàn, á sì máa wu yín láti wá nǹkan fi kó o.
2. Ẹ gbé epo kaná, kó gbóná díẹ̀, kó má jóná. Àlùbọ́sà àti irú wọlé, lẹ́yìn náà tòmátì àti ata. Ẹ jẹ́ kó dín títí omi rẹ̀ á fi gbẹ.
3. Ẹ fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí, ẹ máa fi ṣíbí bù ú sínú ọbẹ̀ ní ṣíṣù ńlá. Ẹ má rò ó. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10. Ṣíṣù yìí ni eyín yóò rí jẹ ní ipò òkèlè.
4. Edé, ẹja àti wàgásì wọlé, ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbọ̀mà ló kẹ́yìn, ìṣẹ́jú márùn-ún sí i.
5. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Irú, edé àti ẹja ti ní iyọ̀ tiwọn, iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú kúùbù ìsebẹ̀.

Ìpín ẹnì kan níbẹ̀ wà ní nǹkan bíi gíráàmù 20, tòun ti fáíbà. Ṣíbí epo pupa kan ní agbára tó tó kálórì 120, nítorí náà ẹni tó fẹ́ fọn kò gbọdọ̀ gbọ́ “sítáàṣì nìkan ló léwu” kó wá máa jẹ́ kí epo léfòó lórí ọbẹ̀.

Àwọn kan ń fi kábééjì tàbí ìgbá (aubergine) lílọ̀ ṣe òkèlè. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n èmi ò fọwọ́ sí i fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ tó ń wá òkèlè kò ní gbàgbé òkèlè. Ẹ mú ṣíbí.

*Àyẹ̀wò:* ẹ jẹ abọ́ ọbẹ̀ kan láìsí òkèlè. Bó bá yó yín fún wákàtí mẹ́rin, ó dára. Bí ebi bá pa yín kó tó tó wákàtí méjì, ẹja, ẹyin tàbí wàrà ò tó níbẹ̀; ẹ fi kún un, kí ẹ má fi sítáàṣì dí i.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ mọ bí a ṣe ń jẹun níta

Nídìí tábìlì aláómúlẹ́ẹ̀tì láàárọ̀: ẹyin mẹ́ta pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tòmátì, ẹ fi píà kún un nígbà rẹ̀, kafé láìsí mílíìkì dídùn. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó jókòó: “Mi ò jẹ búrẹ́dì, ẹ má fi sípágẹ́tì sí i.” Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á gbé e wá, ẹni tí ebi ń pa kì í sì í dá búrẹ́dì padà.

Lọ́sàn-án, móyò ni ọ̀rẹ́ yín: ẹja yíyan, tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tútù. Ẹ ní kí wọ́n fi owó àkàsà bu móyò àti ẹja sí i. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ àkàsà kan, ẹ jẹ ẹyọ kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Àmíwò jẹ́ ọkà àgbàdo tí a fi tòmátì pa láró. Adìyẹ tó wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ bá lò. Àtàsí ní ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀: ẹ ní kí ìrẹsì kéré, kí ẹ fi ẹyin méjì àti wàrà sọ́yà lé e. Àkàrà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárọ̀ ò burú. Kókó tí a ń fi tì í ló ń bà á jẹ́.

*Àyẹ̀wò* fún alátọ̀gbẹ: ẹ wọn ṣúgà kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ẹ kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oúnjẹ náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ kí alátọ̀gbẹ wà lábẹ́ rẹ̀ ní wákàtí méjì yìí ni 1.80 g/L, ṣùgbọ́n iye tí dókítà yín bá fún yín ni kí ẹ mú. Ẹ ṣe é fún àkàsà lọ́jọ́ kan, kí ẹ ṣe é fún abọ́ gbọ̀mà lọ́jọ́ kejì. Kò sí àríyànjiyàn tí ìwé yín ò ní parí.

Ìgbésẹ̀ 7: Òde àríyá àti ilé àna

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó kì í tán ní Àjàṣẹ́. Ẹ má lọ sóde pẹ̀lú ebi. Ẹ jẹ ẹyin méjì nílé. Tí ẹ bá dé iwájú àwọn àgbà, ẹ má ṣe àlàyé àìsàn, ẹ má kọ àwo. “Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ bá mi bu ọbẹ̀ sí i, òkèlè kékeré yìí tó mi.” Ìyá tó gbọ́ pé ọbẹ̀ òun ni ẹ fẹ́ kò ní bínú. Nígbà ìṣínu nínú oṣù ààwẹ̀, dàbínù kan àti omi, kí ẹ kọjá sídìí ọbẹ̀. Abọ́ kókó tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé mu yóò ti gba ìpín alẹ́ yín tán. Nígbà tí iṣu tuntun bá sì dé ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jẹ iyán, ìkúùkù kan, ní ọ̀sán, kí oúnjẹ méjì yòókù ọjọ́ náà má ní sítáàṣì.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ara máa ń tú omi àti iyọ̀ jáde. Orí lè máa fọ́, ó lè rẹ̀ yín. Ẹ mu omi, ẹ mu omi ọbẹ̀ ẹja tó ní iyọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kún un. Kí ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nígbà gbogbo, torí òun náà lè lọ sílẹ̀ kí oògùn wá pọ̀ jù. Bí ìgbẹ́ bá ń ṣòro, ewébẹ̀ àti ilá ni ẹ ń jẹ ní kékeré. Ìwúwo tó kọ́kọ́ bọ́ lára lọ́sẹ̀ kìíní, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ má yọ̀ jù, ẹ má sì bọkàn jẹ́ nígbà tó bá dẹwọ́ lọ́sẹ̀ kejì.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wọn ìbàdí yín, ní ìpele ìdodo, ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ 14, ní àárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Alátọ̀gbẹ, ẹ kọ ṣúgà àárọ̀ yín lójoojúmọ́. Bí ohunkóhun ò bá yí padà, ẹ yẹ ìwé yín wò ní títò yìí: ohun mímu, lẹ́yìn náà ìpanu (kajú, bisikíìtì, èso), lẹ́yìn náà bí ìkúùkù òkèlè ti tóbi tó ní ti gidi, lẹ́yìn náà epo. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé tí ṣúgà àárọ̀ ṣì wà lókè 1.26 g/L, tàbí tó ń já sábẹ́ 0.70 nígbàkigbà, ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà. Òun ló máa fi í tún oògùn ṣe.